"A Dúpẹ́" Kì í Ṣe Ìdáhùn

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Mátíróònù pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní ilé ìtọ́jú ọpọlọ fẹ́ yan áàpù kan tí àwọn nọ́ọ̀sì yóò máa fi tọpa àwọn aláìsàn tó ti padà sílé, pé èèyàn méjì péré ni wọ́n fẹ́ dán wò, èmi àti ẹnì kan. Mo béèrè ẹni náà. Ó ní, "Ṣé o ò ní bínú?" Mo ti mọ̀ nìyẹn. Má-fọwọ́-kàn-án ni, ẹni tó kọ́ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò.

Mo ní mi ò ní bínú. Irọ́ gbuu. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jó yí tábìlì ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń wá ibi tí èmi àti ọkùnrin yẹn yóò ti pàdé níwájú èèyàn. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀, ni ìdájọ́. Mi ò fẹ́ràn pé Ọjọ́ Ẹtì ni, kí nǹkan má lọ tì mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n sún un sí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Mátíróònù ní òun ò pè mí fún àwàdà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ ohun tí n óò sọ lọ́jọ́ náà. Ó lọ báyìí:

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni fọ́ọ̀mù ọ̀gbẹ́ni yìí máa ń bi aláìsàn láràárọ̀: Báwo ni? Nígbà tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì níbí, mo sọ fún un lójú gbogbo wọ́ọ̀dù pé ẹnikẹ́ni nínú wa kì í fi àìsàn dáhùn 'báwo ni'. 'A dúpẹ́' la máa ń wí. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó lọ́wọ́ yóò ní a dúpẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní fọ́ọ̀mù òun ti pé, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ pé 'a dúpẹ́' àti 'dáadáa', ọ̀kan náà ni. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ káfíńtà kọ 'a dúpẹ́' fún ọjọ́ mọ́kànlá léraléra, ojú ewé rẹ̀ sì ń fi àwọ̀ ewé hàn lójoojúmọ́ pé ara rẹ̀ dá. Lọ́jọ́ kejìlá, ó gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pèpàdé lórí rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni yìí dìde, ó ní aláìsàn ló purọ́ fún fọ́ọ̀mù."

Ibí yìí ni bíro mi ti ya ìwé. Bùọ̀dá mi kò purọ́. Wọ́n kí i, ó dáhùn ìkíni. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ọkùnrin náà gbé mì lójú ayé, kó gbé e mì pẹ̀lú egungun rẹ̀. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Mo lọ bá Oníkóòdù, ẹni tó ń bá mi kọ́ áàpù náà, ní yàrá rẹ̀, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe. Kọ̀ǹpútà méjì, fáànù kan, àga àlejò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Àwa méjì la jọ jókòó ní kíláàsì kan náà láti kékeré, kò sí ohun tí n kò lè sọ fún un.

"Ìbéèrè mélòó lo fẹ́ kó wà nínú ẹ̀?"

"Iye aláìsàn tó bá wà."

"Bí wọ́n bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún ńkọ́?"

"Ẹgbẹ̀rún ìbéèrè."

"Ṣé orí ẹ pé báyìí?"

"Ilé ìtọ́jú ọpọlọ là ń ṣiṣẹ́ fún. A kì í béèrè ìyẹn níbẹ̀."

Mo ṣàlàyé fún un. Nọ́ọ̀sì àti aláìsàn yóò jókòó, wọn yóò jọ wá ohun kan tí ẹni náà máa ń ṣe nígbà tí ara rẹ̀ bá dá, tí kì í ráyè ṣe nígbà tí kò bá dá. Ìyẹn ni ìbéèrè rẹ̀. Bó bá sú u, àwọn fúnra wọn ni yóò pààrọ̀ rẹ̀, láìpe ẹni tó kọ́ áàpù. Oníkóòdù ní ohun tó ń tẹ̀ ló ṣòro kọ́ jù, pé ohun tó bá le gbagidi, ọ̀lẹ ló kọ́ ọ. Mo ní kó tún gbólóhùn yẹn sọ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo mọ ẹni tí n óò sọ ọ́ lù.

Ìgbà tí mo fẹ́ máa lọ ló béèrè pé, "Nítorí àwọn aláìsàn lo ṣe ń ṣe é, àbí nítorí ọkùnrin yẹn?"

Mo ní nítorí méjèèjì. Ó ní èwo ló pọ̀ jù. Inú bí mi, mo lọ sílé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Kò síná. Ooru mú débi pé búrẹ́dì àná ti hu. Mo fọwọ́ kọ ìbéèrè mẹ́rìnlélógún sínú ìwé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Aláìsàn mẹ́fà ló gbà láti bá wa dán an wò. Aránṣọ ni ọ̀kan nínú wọn, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní bí ara òun bá dá, òun máa ń pààrọ̀ òwú ojú ẹ̀rọ òun lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. A wá kọ ìbéèrè rẹ̀ pé: Òwú àwọ̀ wo ló wà lójú ẹ̀rọ yín?

Láàárọ̀ yìí ó dáhùn pé "pupa". Àṣé Oníkóòdù ti kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ pé níbikíbi tó bá ti rí "pupa", ewu ti dé. Áàpù bẹ̀rẹ̀ sí ké. Nọ́ọ̀sì ju tíì sílẹ̀, ó gun ọ̀kadà, ó já wọ ilé aránṣọ láìkanlẹ̀kùn. Ó bá a tó ń rán aṣọ pupa, tó ń kọrin. Aránṣọ ní, "Ṣé kò sí?" Nọ́ọ̀sì ní, "A dúpẹ́."

Mo sọ fún Oníkóòdù pé ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó ní kí n lọ jókòó. Ó ti tún un ṣe kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ̀rù ń bà mí kí Má-fọwọ́-kàn-án má gbọ́. Bó bá gbọ́, yóò fi mí ṣe ẹlẹ́yà títí ọdún yóò fi parí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

N óò kọ èyí bó ṣe rí.

Yàrá iwájú ni Bùọ̀dá mi ń sùn láti ìgbà tó ti kúrò ní ilé ìwòsàn. Láàárọ̀ yìí, mo ń sáré lọ bá Oníkóòdù, mo yọjú lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bùọ̀dá. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

"A dúpẹ́."

Mo ti dé géètì kó tó pè mí padà.

"Wá níbí. Ó ti tó ọjọ́ mélòó tó o ti ń bi mí bẹ́ẹ̀?"

"Mo kí yín ni, Bùọ̀dá."

"Mo mọ̀ pé o kí mi. Kí lo tún bi mí lẹ́yìn ẹ̀?"

Mo gbé báàgì mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ilẹ̀ kì í mọ́ kó o má bú Má-fọwọ́-kàn-án nínú ilé yìí. Ìbéèrè ẹ̀ náà lo ń bi mí. Ẹ káàárọ̀ lo kàn ń fi ṣáájú."

Ó ní òun kò tíì sun oorun gidi láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì, nínú ilé mi, èmi tí mo ń kọ́ áàpù nítorí rẹ̀! Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ojú tì mí débi pé mi ò lè sunkún. Mo pe dókítà rẹ̀, a lọ lọ́sàn-án, wọ́n yí oògùn rẹ̀ padà. Mo sanwó àyè méjì fún un nínú ọkọ̀, nítorí ó ní òun ò lè jókòó láàárín èèyàn mẹ́ta. Ní báyìí èèyàn méjì ni mo ń bínú sí, èmi náà sì ni ìkejì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo jókòó tì í, mo bi í ní ohun tó máa ń ṣe tí ara rẹ̀ bá dá.

"Ayùn. Mo máa ń pọ́n ayùn, bí mi ò tiẹ̀ níṣẹ́ lọ́wọ́."

Ìbéèrè rẹ̀ nìyẹn: Ṣé ẹ ti pọ́n ayùn lónìí? Ó fúnra rẹ̀ tẹ ìdáhùn sórí fóònù: Rárá. Rárá àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún tó kọjá nìyẹn. Inú mi dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Òjò àkọ́rọ̀. Mo tẹ ojú ewé Bùọ̀dá nínú fọ́ọ̀mù àtijọ́ jáde sórí bébà: a dúpẹ́ mọ́kànlá, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, àwọ̀ ewé láti òkè délẹ̀. Mo fẹ́ gbé e sókè nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ìdájọ́, kí n má sọ nǹkan kan, kí n kàn máa wo ojú ọkùnrin yẹn. Bùọ̀dá bá a lórí tábìlì.

"Kí lo fẹ́ fi èyí ṣe?"

Mo sọ fún un.

"Ṣé o bi mí?"

"Ẹ̀yin náà ni mo ń gbẹ̀san fún!"

"Èmi ni mo ni ọjọ́ mọ́kànlá yìí. Mi ò fi yá ẹnikẹ́ni. Tó o bá fẹ́ lù ú, lọ wá igi tìẹ."

Ó ká bébà náà sí mẹ́rin, ó fi há abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. Odidi káfíńtà! Mo bínú sí i títí di ìrọ̀lẹ́. Ó bu ìrẹsì fún mi, mi ò jẹ ẹ́. Ó jẹ méjèèjì.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ayùn: Bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ kí n tó rí i lórí fóònù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo pàdé Má-fọwọ́-kàn-án ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìtọ́jú. Ó ti rù, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Inú mi dùn pé ó rù.

"Ẹ ǹ lẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní ẹ ṣì ń bá 'a dúpẹ́' jà."

"Òun ló kọ́kọ́ bá mi jà."

"Wọ́n tún ní áàpù yín ń bẹ̀rù òwú pupa."

Ó ti gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ara mi gbóná títí mo fi dé ọ̀dọ̀ Oníkóòdù. Mo ní kó fi òfin kan sí i báyìí báyìí: bí ojú ewé ẹnikẹ́ni bá ti pupa, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ pe ẹni náà kí wákàtí kan tó pé, kí ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má lè pa ìkìlọ̀ náà, ìbáà ṣe Mátíróònù, ìbáà ṣe èmi tí mo kọ́ ọ. Fọ́ọ̀mù Má-fọwọ́-kàn-án ní bọ́tìnnì kan tí wọ́n fi ń pa ìkìlọ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo gbọ̀ngàn rí ìyàtọ̀.

"Kó má sí ẹni tó lè pa á rárá?" Oníkóòdù béèrè.

"Rárá."

"Ṣó o ti ronú sí i?"

"Láti oṣù mẹ́jọ."

Ọjọ́ Ajé, ọgbọ̀njọ́

Mátíróònù gbé tirẹ̀ dé. Ó ní ẹni tó bá po oògùn, òun ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Láti òní títí di Ọjọ́bọ̀, èmi yóò máa lo fọ́ọ̀mù Má-fọwọ́-kàn-án, òun náà yóò máa lo tèmi. Mátíróònù ló jókòó tì í láti wá ìbéèrè rẹ̀, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó jáde. Ìbéèrè náà ni: Ta lẹ bá jókòó jẹun lónìí?

Ó wá fi èmi ṣe nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ojú ewé rẹ̀. Ó ní kò sí nọ́ọ̀sì mìíràn tó ráyè. Mi ò gbà á gbọ́. Obìnrin yẹn gbọ́n ju ìjàpá lọ.

Fọ́ọ̀mù bi mí pé báwo ni. Mo kọ ọ́ pé inú ń bí mi. Ó ní ìdáhùn mi kò bá a mu, kí n yan ọ̀kan nínú mẹ́ta. Mo yan dáadáa. Ó ní mo ṣeun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Ìdáhùn Má-fọwọ́-kàn-án lánàá: Kò sẹ́nì kan. Tòní: Kò sẹ́nì kan.

Ó ti bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin

Ìdáhùn rẹ̀: Mi ò jẹun. Ojú ewé rẹ̀ ti di àwọ̀ ọsàn. Mo pariwo ẹ̀rín. Oníkóòdù wò mí, ó sì gbójú padà sí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Mo ti fa ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ kọ ya. Èyí tuntun dùn jù ú lọ: "Ẹ wo ọkùnrin tó ní aláìsàn ló ń purọ́. Ẹ wo ìdáhùn tirẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ẹ rí àwọ̀ rẹ̀?" Bùọ̀dá ní kí n wá igi tèmi. Mo ti rí igi. Mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹrin níwájú dígí, ó ń dùn mọ́ mi lẹ́nu sí i.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì

Agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sàn-án, ìdáhùn rẹ̀ wọlé: Kí ni àǹfààní ẹ̀. Ojú ewé náà pupa. Fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí ké.

Mo dojú rẹ̀ dé sórí tábìlì. Ó ń ké. Mo ní kí Oníkóòdù pa á.

"Kò ṣeé pa."

"Ìwọ lo kọ ọ́."

"Ìwọ lo ní kó má ṣeé pa. Pe ọkùnrin náà."

Mo ní n óò pè é. Mi ò pè é. Mo mu omi. Mo ro ọjọ́ kejìlá Bùọ̀dá mi, bí mo ṣe bá a, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe tutù, àti ọkùnrin yìí tó dìde nínú ìpàdé tó ń tún táì rẹ̀ ṣe. Mo fẹ́ kó mọ bí ó ti ń rí tí èèyàn ń ké tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn. N kò ní parọ́ nínú ìwé ara mi: ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Oníkóòdù dìde, ó ní bí mi ò bá ní pè é, òun yóò pe Mátíróònù, òun yóò sì sọ ìdí. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí wákàtí pé nígbà tí mo tẹ nọ́ńbà náà.

"Ta nìyẹn?"

"Nọ́ọ̀sì ni. Ojú ewé yín ti pupa."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi ni."

"Ẹ ti rí ohun tí ẹ ń wá nìyẹn."

"Mo ti rí i. Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé?"

Ó ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí òun nìkan ti wà nílé. Ìyàwó rẹ̀ ti kó àwọn ọmọ lọ. Mo bi í bóyá ó ń ro ikú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi í ní gbogbo ohun tó yẹ kí n bi í, ní ẹsẹẹsẹ, bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo sì kọ ọ́ fún Oníkóòdù sórí bébà pé kó pe Mátíróònù àti dókítà kí wọ́n máa lọ síbẹ̀. Nígbà tí mo ní kó di fóònù mú díẹ̀ kí n bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sílẹ̀."

Mi ò gbé e sílẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi di fóònù yẹn mú, títí mo fi gbọ́ tí Mátíróònù ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mi ò dárí jì í. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dárí jini. Gbogbo àkókò yẹn ni mo ń bú u nínú mi, tí mo sì ń sọ fún un pé kó rọra mí.

Mo sọ fún Bùọ̀dá, láìdárúkọ. Mo sọ ti ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gọ́ta tí mi ò fi pè náà. Kò bá mi wí. Ó ní kí n wá jẹun.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹta

Gbọ̀ngàn kún. Àga rẹ̀ ṣófo. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ní, "Ṣé ó ti sá ni?" gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n kọjú sí mi. Ọ̀rọ̀ mi wà nínú báàgì, mo mọ̀ ọ́n lórí. Ẹnu ni mo fẹ́ là. Mátíróònù ń wò mí láti ìkángun ìjókòó.

Mo ní, "Ó ní ibi tó yẹ kó wà lónìí." Ó dùn mí dé eegun bí mo ti ń wí i. Ṣùgbọ́n ojú ewé aláìsàn ni, a kì í gbé e síta, bí aláìsàn náà tilẹ̀ jẹ́ òun.

Mo fi òwú aránṣọ hàn wọ́n, àti ti pupa pẹ̀lú, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, mo jẹ́ kí wọ́n rín in. Mo fi ayùn hàn wọ́n, Bùọ̀dá ló ní kí n ṣe é, ó jókòó sẹ́yìn nínú ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ fúnra rẹ̀. Tèmi ni wọ́n yàn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ti borí ọ̀tá mi, ọ̀tá mi kò sì sí níbẹ̀ láti rí i. Mo wo àga rẹ̀ títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí kó àga.

Mátíróònù ní kí n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ojú ewé rẹ̀ títí di ọ̀la. Mo pè é ní agogo mẹ́rin, ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n gbà á sí. Ó ní òun ti jẹun, pé aláìsàn kan tó ń sọ̀rọ̀ jù ni àwọn jọ jókòó jẹ ẹ́.

"Èmi ni wọ́n yàn," mo wí. Mo fẹ́ kó dùn ún.

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni." Ó mí kanlẹ̀. "Láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún yìí ni mo ń kọ 'a dúpẹ́' sínú fọ́ọ̀mù tèmi. Àwọ̀ ewé ló ń fi hàn mí, títí kan àná."

Mo gbé fóònù mọ́ etí kejì.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ wà níbẹ̀? Ẹ̀gbọ́n yín ò purọ́."

Mo ní kó tún un wí.

Ó tún un wí.